Àwọn Tó Jẹ Èrè, Àwọn Tó Ru Ìtìjú

Bí àwọn ará Kerala, ní gúúsù Íńdíà, bá ń ròyìn sinimá èdè Malayalam tí í ṣe tiwọn, ibì kan wà tí ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀. Wọn á sọ ti Chemmeen tí Ramu Kariat ṣe ní 1965, tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn. Wọn á dárúkọ olùdarí Adoor Gopalakrishnan tí òkìkí rẹ̀ kàn dé London. Wọn á fi ayọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọdún 1980, ìgbà àwọn olùdarí Padmarajan àti Bharathan. Lójijì wọn á fò dé 2011, ọdún tí fíìmù Traffic jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ olùdarí gbòde, tí gbogbo Íńdíà tún ń yìn wọ́n. Àárín tí wọ́n fò yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní àárín yẹn, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ìdọ̀tí ni. Wọ́n ní bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń parí lọ, àwọn oníwọ̀ra kan já wọ ilé sinimá, wọ́n fi fíìmù àgbà olówó pọ́ọ́kú kún un, wọ́n ba orúkọ ìpínlẹ̀ tó mọ̀wé jù ní Íńdíà nígbà náà jẹ́, débi pé ní Tamil Nadu tó bá wọn pààlà, ẹni tó bá ní òun ń lọ wo fíìmù Malayalam, wọ́n á wò ó tìfura-tìfura. Wọ́n ní nígbà tó yá, ìwà ọmọlúwàbí borí, àwọn obìnrin oníhòhò kó ẹrù wọn, ilé sì mọ́.

Èmi kò gbà. Ilé náà kò mọ́ rí. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹni mímọ́ ni wọ́n la ọ̀nà tí fíìmù wọ̀nyí gbà wọlé, èrè rẹ̀ kò yọ wọ́n sílẹ̀, ìgbà tí ọjọ́ ìtìjú sì pé, orí àwọn obìnrin tí ojú wọn wà lára pósítà ni wọ́n di gbogbo ẹrù náà lé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí orísun. Ní 1978, I. V. Sasi, olùdarí tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Kerala, ṣe Avalude Ravukal, ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fi ara rẹ̀ ṣòwò lóru. Seema ló ṣe é. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fún un ní ìwé-ẹ̀rí A, ìyẹn ni pé àgbàlagbà nìkan ló lè wò ó. Èrò ya lù ú. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Híńdì, ó sì rìn jákèjádò Íńdíà, pósítà Seema ló sì ń pe èrò sí i. Ní ọdún 1978 kan náà, Bharathan darí Rathinirvedam, Padmarajan ló kọ ọ́, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí obìnrin tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ́ni ní fíìmù méjèèjì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Kódà ní 2011, ọdún tí wọ́n ní ilé mọ́ gan-an, wọ́n tún Rathinirvedam ṣe, wọ́n gbé e jáde, kò sí ẹni tó pariwo pé ìdọ̀tí ti padà. Bí gbajúmọ̀ ọkùnrin bá fi ara obìnrin pa owó, ọgbọ́n inú ni. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò délé ọba bá ṣe ohun kan náà, ó di èérí.

Lẹ́yìn ọdún 10, ní 1988, P. Chandrakumar ṣe Adipapam, ó mú Ádámù àti Éfà jáde láti inú Jẹ́nẹ́sísì, ó sì jẹ́ kí ìhòhò wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tí fíìmù yẹn kó wọlé ló la àwọn oníṣòwò lójú pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ pẹ̀lú lè rí èrè níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Layanam jáde, tòun ti òṣèrébìnrin Silk Smitha. Chandrakumar kì í ṣe àjèjì tó ti òpópónà wọlé. Ó ti ń darí fíìmù tí ìdílé ń jókòó wò kó tó di pé ó ṣe èyí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Kí ló dé tí fíìmù wọ̀nyí fi gba gbogbo ilé ìwòran láàárín ọdún díẹ̀? Àwọn tó ń sọ pé ìwọ̀ra ni kò fẹ́ ká ṣí ìwé ìṣirò owó wọn. Ní 1993, Asianet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tẹlifíṣàn aládàáni wọ pálọ̀, ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù nínú ilé láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tí àwọn gbajúmọ̀ òṣèré ń gbà ń ga sí i, fíìmù wọn sì ń ṣubú. Ilé ìwòran ní àwọn ìlú kéékèèké ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn onílé ń sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ẹ ro ti àwọn tó ń jẹun níbẹ̀: ẹni tó ń yí fíìmù nínú yàrá gbígbóná, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń lẹ pósítà mọ́ ògiri lóru, ìyá tó ń ta tíì àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Ní Kodambakkam, ní Chennai, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Malayalam láti ọjọ́ pípẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ti ń kó lọ sí Kerala, ó sì fi àwọn ayàwòrán, àwọn agéfíìmù àti àwọn ẹlẹ́rọ sílẹ̀ láìníṣẹ́.

Àwọn wọ̀nyí ló ṣe àwọn fíìmù àgbà náà. Ní 2000, R. J. Prasad gbé Kinnara Thumbikal jáde, ìtàn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní oko tíì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Shakeela ni òṣèré rẹ̀. Iye tí àwọn oníròyìn Íńdíà sábà máa ń kọ ni pé owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju rúpì mílíọ̀nù 1.2 lọ, pé ohun tó kó wọlé sì súnmọ́ mílíọ̀nù 40. Ká tilẹ̀ yọ nínú iye yẹn, kò sí fíìmù gbajúmọ̀ kankan tó ń jẹ èrè bẹ́ẹ̀ lórí owó kékeré bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Láàárín oṣù díẹ̀, Kerala ti ní orúkọ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ìgbì Shakeela. Ilé ìwòran tó ti fẹ́ tilẹ̀kùn ń rí èrò ní ọ̀sán gangan. Wọ́n túmọ̀ fíìmù náà sí Tamil, Telugu àti Híńdì. Oṣù tuntun dé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì jáde.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tí kò dùn mọ́ àwọn ọ̀gá sinimá nínú, mo sì gbà pé ohun náà ló bí wọn nínú ju ìhòhò lọ. Fíìmù wọ̀nyí kò nílò akọni ọkùnrin. Nínú sinimá Malayalam ńlá, orúkọ ọkùnrin ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, bí ó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pupa. Shakeela sanra. Ọmọ Chennai ni, Mùsùlùmí ni, kì í ṣe ọmọ ìdílé ńlá kankan ní Kerala. Síbẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè pósítà, ọkùnrin tó bá a ṣeré sì lè máà ní orúkọ rárá. Ọ̀sẹ̀ tí fíìmù rẹ̀ bá jáde, àwọn alágbàtà ń ro ọjọ́ tí wọ́n máa gbé fíìmù gbajúmọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ètò tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin kan.

Mi ò sọ pé àwọn fíìmù náà dára. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìtàn tó dúró, iná inú wọn ṣókùnkùn, ohùn kò bá ètè mu, kámẹ́rà sì ń wo obìnrin bí ẹni ń wo ẹran lórí àtẹ. Mo sì mọ ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin Kerala ní, ẹ̀sùn òtítọ́ ni: pósítà wọn wà ní gbogbo ibùdókọ̀ tí ọmọbìnrin ti ń dúró láti lọ sílé ìwé, ọkùnrin nìkan ló kún ilé ìwòran, obìnrin tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá ń gbọ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ìwà ipá sí obìnrin ń jẹ ìpínlẹ̀ náà níyà ní àwọn ọdún yẹn, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin sì ní ìdí pàtàkì láti bínú. Inú mi kò dùn sí ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà bo ìrora wọn mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni ó yẹ kí ìbínú náà bá.

Ẹ wo bí òwò náà ṣe ń lọ. Olówó eré á gbé fíìmù lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Thiruvananthapuram. Ohun tó gbé lọ kò burú tó bí ẹ ṣe rò: ìwẹ̀ odò, aṣọ tútù, ìdìmọ́ra, iná tó kú. Wọ́n á gé ibi tí wọ́n fẹ́ gé, wọ́n á fún un ní ìwé-ẹ̀rí A. Fíìmù náà á wá dé ilé ìwòran, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ègé fíìmù kan wà, thundu ni wọ́n ń pè é, tí àjọ náà kò rí rí. Ó lè ti inú fíìmù mìíràn wá. Ó lè jẹ́ ti òkè òkun. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì yà pẹ̀lú obìnrin tí kò sí nínú ìtàn náà rárá. Ẹni tó ń yí fíìmù á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín, á fi hàn, á sì yọ ọ́ kí ọlọ́pàá tó dé. Àwọn òǹwòran mọ̀. Wọ́n ń jókòó de ìṣẹ́jú yẹn gan-an, bó bá sì kọjá, àwọn kan á dìde lọ sílé, fíìmù ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ thundu mọ́ ọn? Alágbàtà àti onílé ìwòran. Ta ló gba owó rẹ̀? Àwọn náà ni. Ta ni kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà púpọ̀? Obìnrin tí ojú rẹ̀ wà nínú fíìmù. Shakeela ti sọ ọ́ ní gbangba, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń yà níbi tí ìhòhò bá wà, tí wọ́n á wá fi ojú òun sí i. Obìnrin kejì yẹn, a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ru ìtìjú ara tí kì í ṣe tirẹ̀; ẹni kejì fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìní orúkọ. Olùdarí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn lo orúkọ àdàpè, wọ́n gba owó wọn, wọ́n sì padà sí orúkọ àbísọ láti ṣe iṣẹ́ tó níyì. Obìnrin kò lè pa ojú rẹ̀ dà bí ọkùnrin ṣe ń pa orúkọ dà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní Kerala, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ló wá di adájọ́.

Ìwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣeré nínú fíìmù Malayalam, P. K. Rosy, láti inú ẹ̀yà tí wọ́n kà sí aláìmọ́ ló ti wá. Nínú Vigathakumaran, fíìmù J. C. Daniel, ó ṣe ipa obìnrin Nair, ẹ̀yà tó ga ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Thiruvananthapuram, àwọn tó pe ara wọn ní ọmọ ẹni gíga bínú, wọ́n sọ òkò lu ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn, wọ́n dáná sun ilé Rosy, ó sì sá lọ sí Tamil Nadu, kò ṣeré mọ́ láé. Láti 1992, àmì-ẹ̀yẹ sinimá tó ga jù ní Kerala ń jẹ́ orúkọ J. C. Daniel. Ìgbà tí àwọn obìnrin inú iṣẹ́ sinimá kóra jọ dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ fíìmù kan sílẹ̀ ní orúkọ Rosy, 2019 ni. Ọmọ ìyá kan náà ni ìtàn Rosy àti ti Shakeela: obìnrin láti ibi tó rẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ara, ọ̀rọ̀ ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà lórí àwòrán, lẹ́yìn náà òkò.

Ti Silk Smitha tún burú jù. Ọmọ Andhra Pradesh ni, ó ṣe fíìmù ní gbogbo èdè gúúsù Íńdíà, àwọn gbajúmọ̀ sì ń pè é wá jó nínú fíìmù tiwọn kí tíkẹ́ẹ̀tì lè tà. Ó wà nínú Spadikam ní 1995 pẹ̀lú gbajúmọ̀ òṣèré Mohanlal. Ní oṣù September 1996 wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Chennai. Ní 2011, Bollywood fi irú ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe The Dirty Picture, Vidya Balan gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèré obìnrin tó dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì tọ́ sí i. Ní 2023 wọ́n tún Spadikam gbé jáde, èrò tún kún ilé ìwòran. Ó ti kú, ó ṣì ń pa owó wọlé fún wọn. Kí ni ó rí gbà nígbà tó wà láàyè ju orúkọ burúkú lọ?

Ẹ wá gbọ́ bí ìgbì náà ṣe kú, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ tó tóbi jù wà. Wọ́n ní ìwà ló borí. Ìwà wo? Àwo VCD dé, ó sọ ohun tí wọ́n ń lọ wò lọ́sàn-án di ohun tí wọ́n lè rà ní ibùdókọ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, fóònù alágbèéká sì parí iṣẹ́ náà: òǹwòran kò nílò kó fi aṣọ bojú wọ ilé ìwòran mọ́, ó lè wo ohun tó le ju thundu lọ lábẹ́ ìbora rẹ̀. Bí àwọn ilé ìwòran ṣe ń gba ẹ̀rọ tuntun tó ń fi fíìmù hàn láti orí kọ̀ǹpútà, kò sí fíìmù gbọọrọ tí wọ́n lè gé lẹ̀ mọ́. Àwọn ilé ìwòran àtijọ́ wó, wọ́n kọ́ tuntun sínú ilé ìtajà ńlá. Ìfẹ́ ìhòhò kò dín ní Kerala. Ọ̀nà tó ń gbà kọjá ló yí padà, owó rẹ̀ sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìwà ọmọlúwàbí bá pa fíìmù wọ̀nyí lóòótọ́, kí ló dé tí sinimá ńlá tún fi pe Shakeela wá sínú Chotta Mumbai ní 2007, nínú fíìmù Mohanlal, kí òǹwòran lè rẹ́rìn-ín pé wọ́n mọ̀ ọ́n?

Ilé tí wọ́n ní ó mọ́ náà ńkọ́? Ní oṣù February 2017, wọ́n jí òṣèré obìnrin olókìkí kan gbé nínú ọkọ̀ ní Kochi, wọ́n sì fipá bá a lò. Àwọn obìnrin inú iṣẹ́ náà dìde, wọ́n dá Women in Cinema Collective sílẹ̀, wọ́n sì béèrè ìwádìí. Ìjọba Kerala gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ K. Hema, adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ìgbìmọ̀ náà fi ìròyìn rẹ̀ lélẹ̀ ní ìparí 2019. Ìjọba jókòó lé e. Oṣù August 2024 ni gbogbo ènìyàn tó rí i kà, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ibi rẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde. Kí ló wà nínú rẹ̀? Pé àwọn ọkùnrin ń béèrè ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó fún obìnrin níṣẹ́. Pé àwọn ọkùnrin ń kan ilẹ̀kùn yàrá òṣèré lóru ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á fẹ́ fọ́ ọ. Pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ibi ìpààrọ̀ aṣọ. Pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kò ní ríṣẹ́ mọ́. Sinimá tó níyì nìyí, èyí tí àwọn ìdílé ń kó ọmọ lọ wò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀sùn bo àwọn ọkùnrin ńlá, gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ òṣèré wọn, AMMA, sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti fi ogún ọdún pa làpálàpá.

Ẹni tó bá sọ fún mi lẹ́yìn ìròyìn Hema pé fíìmù Shakeela ló ba sinimá Malayalam jẹ́, mo fẹ́ kó ka ojú ewé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣírí ló pa àwọn ọkùnrin sinimá ńlá mọ́. Àwọn fíìmù àgbà kò ní àṣírí, wọ́n kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sára ògiri, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti bú wọn.

Èébú náà kò tíì tán. Ní oṣù November 2022, wọ́n fẹ́ fi àpẹẹrẹ fíìmù tuntun kan hàn ní ilé ìtajà ńlá kan ní Kozhikode, wọ́n sì pe Shakeela gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Ètò náà kò wáyé níbẹ̀. Àwọn onílé sọ pé ààbò àti ọ̀pọ̀ èrò ló fà á. Olùdarí fíìmù náà sọ fún gbogbo ayé pé nítorí Shakeela ni. Obìnrin náà sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora pé èyí kò ṣàjèjì sí òun. Bẹ́ẹ̀ rèé, ní Tamil Nadu, àwọn ìdílé ti rí i lórí Cooku with Comali, ètò oúnjẹ sísè lórí tẹlifíṣàn, àwọn ọmọ tó kéré sí ọjọ́ orí fíìmù rẹ̀ sì ń pè é ní ìyá. Àwọn Tamil gbà á padà. Kerala tó jẹ nínú òógùn rẹ̀ kò tíì gbà á.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Mi ò ní kí wọ́n gbé ère kalẹ̀ fún Kinnara Thumbikal. Darshana Sreedhar Mini ti fi ìwé rẹ̀, Rated A, hàn pé a lè fi ìfarabalẹ̀ kọ ìtàn àkókò yìí, ká gbọ́ ohùn àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kerala State Chalachitra Academy, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1998 láti tọ́jú sinimá ìpínlẹ̀ náà, kò yẹ kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo. Kí wọ́n kó fíìmù tó ṣẹ́kù jọ kó tó jẹrà. Gbogbo èyí tó gba ìwé-ẹ̀rí ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ olówó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ àwọn obìnrin náà, títí kan àwọn tí ara wọn rọ́pò ara ẹlòmíràn. Kí wọ́n wá àwọn tó yí fíìmù, àwọn agéfíìmù àti àwọn òṣèré tó ṣì wà láàyè ní Kodambakkam àti ní Kerala, kí wọ́n bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n gbà, ẹni tó san án, àti iye tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni tó san án.